Ìbòjú bo imú, etí dí: báwo lẹ ṣe ń ṣí i bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà wa. Òṣìṣẹ́ ẹrù ni mí nínú bàálù akẹ́rù, mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ṣe ìdánrawò kan tó jẹ́ pé gbogbo wa wọ ìbòjú tó ń gbani lọ́wọ́ gáàsì olóró, láti ìgbà tí a ti gbéra títí a fi balẹ̀. Lílọ sókè kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni etí ọ̀tún mi dí. Ọwọ́ mi lọ tààrà sí imú bí mo ṣe máa ń ṣe, rọ́bà líle àti gíláàsì ni ìka mi bá pàdé. Mo gbé itọ́ mì, mo tún gbé e mì, títí ẹnu mi fi gbẹ. Kí táyà tó kan ilẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí létí.

Nígbà tí mo tú ìbòjú náà wò, mo rí rọ́bà kéékèèké méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún imú, ọ̀kan lápá òsì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń tẹ̀ láti ìta. Wọ́n fi hàn wá ní kíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí imú, atẹ́gùn ń yọ́ jáde lápá òsì. Ṣé imú mi ni kò bá a mu ni, àbí mi ò mọ̀ ọ́n lò? Dókítà wa ti yẹ etí náà wò. Ó ní ìlù etí pọ́n ṣùgbọ́n kò ya, mi ò sì gbọdọ̀ fò títí òun yóò fi tún un yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àgbà Òfuurufú

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. O ṣe dáadáa tí o lọ bá dókítà, ọ̀pọ̀ ló ń fi í pamọ́.

Ohun àkọ́kọ́: o pẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí etí fi ń ro ó ti jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Gbàrà tí awakọ̀ bá ti ní a fẹ́ máa sọ̀ ni kí o ti ṣí etí rẹ, kí o sì máa tún un ṣe léraléra, kì í ṣe ìgbà tí o bá rántí. Èmi kì í jẹ́ kí ó kọjá 500 ẹsẹ̀ bàtà kí n tó tún un ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Ohun kejì ni irú ìbòjú tí o wọ̀. Ìbòmú tí èmi lò láyé tèmi nínú ọkọ̀ òfuurufú ológun, imú àti ẹnu nìkan ló bò. Rọ́bà rírọ̀ ni ibi imú rẹ̀, nítorí náà àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni a fi ń fún imú láti ìta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ pàápàá. Tìrẹ bo gbogbo ojú, ó sì le níwájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi fi rọ́bà méjì yẹn sí i, kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ ìka fún ọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wọ ẹ̀wù sánmọ̀ lọ sí gbalasa òfuurufú pàápàá ní irú ìṣòro yìí. Ọwọ́ wọn kò lè dé imú nínú akoto, nítorí náà wọ́n fi tìmùtìmù kékeré kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń ti ihò imú mọ́. O rí i pé ìwọ nìkan kọ́.

Ẹyẹ Àṣá

Tèmi rọrùn. Mo kàn ń tẹ rọ́bà náà mọ́ imú, mo sì ń fẹ́ ẹ gidigidi, pẹ̀lú gbogbo agbára àyà mi. Bí kò bá ṣí, mo tún fẹ́ ẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Dókítà Etí òun Imú

Ẹyẹ Àṣá, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti rí ẹni tó fi agbára bẹ́ẹ̀ ba etí ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú etí yín, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa bá etí jà.

Lẹ́yìn ìlù etí, yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ló so yàrá yìí pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú, níbi tó ti pàdé ọ̀fun. Pípadé ni ọ̀nà yẹn sábà máa ń wà. Iṣan tó wà lára àjà ẹnu ló ń fà á ṣí nígbà tí a bá gbé nǹkan mì, tàbí tí a bá ya ẹnu bí ẹni tí oorun ń kùn. Bí bàálù bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ń fẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà àbájáde. Bí ìyàtọ̀ láàárín ìfúnpá inú etí àti ti ìta bá ti tó nǹkan bíi 15 mmHg (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá ni mmHg), ọ̀nà náà á ṣí fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí lílọ sókè kò fi ṣe Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ ní nǹkan kan.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ìta ń le sí i, ó ń tẹ ìlù etí wọnú, ó sì tún ń tẹ ẹnu ọ̀nà náà pa. Kò lè wọlé fúnra rẹ̀, àfi kí a ṣí i fún un. Bí ìyàtọ̀ bá wá dé 80 sí 90 mmHg, iṣan yẹn kò ní lè fà á ṣí mọ́, bó ti wù kí o gbé itọ́ mì tó.

Ẹ wá wo bó ṣe ń yá tó. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ ní ìpele òkun jẹ́ 760 mmHg. Ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó jẹ́ nǹkan bíi 681. Ẹni tó bá sọ̀ láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ láì ṣí etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti kó 79 lé etí lórí, ìyẹn ni pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ilẹ̀kùn ti ń tì pa. Bẹ́ẹ̀ ni láti 31,000 bọ̀ sí 30,000, ìyípadà kò ju bíi 10 lọ, ṣùgbọ́n 1,000 tó kẹ́yìn kí a tó kan ilẹ̀ ń mú bíi 27 wá. Ìsàlẹ̀ ni etí ti ń jìyà jù. (Gíga tí inú ọkọ̀ wà ni mò ń sọ o. Nínú bàálù èrò, wọn kì í jẹ́ kí ó kọjá 8,000 bí nǹkan bá ń lọ déédéé, bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tilẹ̀ wà ní 38,000.)

Bí o bá wá fi gbogbo agbára àyà fẹ́ atẹ́gùn nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì, ìfúnpá yẹn kì í dúró sí imú nìkan. Ó ń gba orí lọ sí etí inú, ó sì lè ya awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí lè pàdánù ìgbọ́ràn, òòyì sì lè máa kọ́ ọ. Fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, sinmi, kí o tún un ṣe. Bí kò bá ṣí lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin awakọ̀ ẹ gòkè padà títí ìrora náà á fi rọlẹ̀, kó ṣí i níbẹ̀, kí ẹ tún wá máa sọ̀ jẹ́jẹ́. Gígòkè padà nìkan ló ń tú u sílẹ̀ bí ó bá ti tì.

Ẹyẹ Àṣá

Mo gbọ́, dókítà. Ẹ ṣeun. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ti etí inú yẹn fún mi rí.

Atúnbòmúṣe

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń wọ ìbòmú àti ìbòjú fún àwọn tó ń fò, tí mo ń wọn ojú wọn, tí mo ń tún ohun èlò wọn ṣe.

Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀, atẹ́gùn tó ń yọ́ lápá òsì ti sọ ìdáhùn fún wa. Rọ́bà òsì kò dé ibi tó yẹ kó dé. Imú ní egungun lókè àti ẹran rírọ̀ nísàlẹ̀. Bí rọ́bà bá tẹ egungun, kò sí ohun tó máa pa; àfi kí ó tẹ apá rírọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú gan-an. Ohun mẹ́ta ló sábà ń mú kí ó ṣìnà. Ìbòjú lè tóbi ju ojú lọ, nítorí náà ó rọ̀ sísàlẹ̀ tàbí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Okùn ẹ̀yìn orí lè má dọ́gba, kí ti ọ̀tún le ju ti òsì lọ. Tàbí kí imú fúnra rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan, èyí tó wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, tí kì í sì í ṣe àbùkù rárá. Àwọn ìbòjú kan wà tí a lè sún rọ́bà inú wọn síwájú tàbí sẹ́yìn, àwọn kan sì ní rọ́bà tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́ tí a lè pààrọ̀. Gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe fún yín. Má fi ọ̀bẹ gé e, má sì lẹ nǹkan mọ́ ọn. Mo ti rí ẹni tó lẹ fóòmù mọ́ tirẹ̀, fóòmù náà já bọ́ sínú fáàfù tí èémí ń gbà jáde. Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé orí ilẹ̀ ló wà.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Wọ ìbòjú náà bí ẹni tó fẹ́ fò: akoto lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, okùn dídì bí ó ṣe yẹ. Pa ẹnu dé. Tẹ rọ́bà mọ́ imú. Gbìyànjú láti mí síta nínú imú, jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó jáde rárá. Lẹ́yìn náà fà á sínú: kò gbọdọ̀ sí ohun tó wọlé. Bí ohunkóhun bá ṣì ń kọjá, ìbòjú náà kò tíì di tìrẹ. Ìgbà tí ó bá pa dáadáa ni kí o tó máa dánrawò bí etí ṣe ń ṣí. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, torí ìka òfìfo máa ń rí ibi títẹ̀ náà kíá, ṣùgbọ́n ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ méjì lè máa tẹ ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé: níbi tí gáàsì olóró bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé etí ìbòjú sókè kó lè ti ìka bọ imú. Kódà nínú ìdánrawò, ẹ má ṣe é, torí ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ nínú ìdánrawò ni yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá di òótọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ẹni tó ru tàbí tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n wọn ojú rẹ̀, kó padà wá wọ̀n ọ́n. Irùngbọ̀n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́. Ẹ má fi ìpara ọlọ́ràá pa ojú tàbí ètè bí ẹ bá fẹ́ mí ọ́síjìn, torí ọ̀rá àti ọ́síjìn tó le máa ń dá iná sílẹ̀. Rọ́bà imú tó bá ti le bí egungun tàbí tó ti ń sán, kó di pípààrọ̀.

Ìyá Inú Bàálù

Ẹ kú àlàyé. Ti àwa tó ń ṣiṣẹ́ láàárín èrò yàtọ̀ díẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ gbọ́ ọ. Tí èéfín bá wà nínú bàálù, àpò ìborí ni a ń kó orí sí, èyí tó ní ọ́síjìn tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iná bá wà, awakọ̀ á sáré sọ̀, nítorí náà etí á dí gan-an lákòókò tí orí wa wà nínú àpò. Àwọn àpò kan rọ̀ tó láti fún imú láti ìta, àwọn mìíràn sì ní ìbòmú líle nínú. Ẹ bèèrè èyí tí tiyín jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ yín.

Èmi kì í lo ọwọ́ rárá nínú rẹ̀, torí ọwọ́ mi méjèèjì ló mú ohun tí a fi ń paná. Mo ń ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì, mo sì ń gbé itọ́ mì bí mo ṣe ń ṣe é. Mo kọ́ ọ fúnra mi nígbà tí mo bá wà lórí ìjókòó lásán, ó gbà mí ní bí oṣù méjì kí ó tó mọ́ mi lára.

Ẹ má sùn nígbà tí bàálù bá ń sọ̀. Ẹni tó ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé itọ́ mì. Bí ẹ bá wà lákòókò ìsinmi yín nínú ọkọ̀, ẹ ní kí ẹnì kan jí yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Awakọ̀ Òru

Ohun tí Ìyá sọ nípa sísáré sọ̀ yẹn kan àwa náà níwájú. Ìbòmú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọwọ́ kan ni a fi ń fà á, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ kó tó wà lójú. Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá tú dànù, etí á kọ́kọ́ ṣí fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sá jáde. Lẹ́yìn ìyẹn la máa darí bàálù lọ sí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà kíákíá, ibẹ̀ ni wàhálà etí wà. Ọ̀pọ̀ ìbòmú tuntun bo ojú pẹ̀lú imú nítorí èéfín, o ò sì lè fún imú.

Ohun tí mo ń ṣe: bí ìbòmú bá wà ní ipò pàjáwìrì, tí ó ń ti ọ́síjìn wọlé fúnra rẹ̀, mo ń gbé itọ́ mì lákòókò tí ó bá ń ti afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Etí mi máa ń ṣí nígbà yẹn ju ìgbà tí mo bá ń gbé itọ́ mì lásán lọ. Dókítà, ṣé èrò mi nìkan ni?

Ẹ̀rọ ìdánrawò tó jọ iwájú bàálù kì í yí ìfúnpá padà, torí náà ẹni tó ti wọ ìbòmú níbẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lè má tíì mọ̀ pé òun ò lè ṣí etí nínú rẹ̀. Ó dùn mí pé èmi náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn fún ọdún púpọ̀.

Dókítà Etí òun Imú

Awakọ̀ Òru, kì í ṣe èrò lásán. Lọ́dún 1863 ni Adam Politzer, dókítà etí ní Vienna, kọ nípa irú ọ̀nà yìí: ó ń ti afẹ́fẹ́ sí imú aláìsàn lákòókò kan náà tí aláìsàn ń gbé nǹkan mì. Gbígbémì ń ṣí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tó ń tì sì ń wọlé. Ìbòmú yín ń ṣe irú rẹ̀. Kò ní rọ́pò ọ̀nà yòókù, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́wọ́.

Àgbà Òfuurufú

Mo padà wá sọ nípa ọ̀nà tí mo gbà pé ó dára jù fún ẹni tó wọ ìbòjú, torí kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀, kí a fún imú kí a sì fẹ́ atẹ́gùn láti àyà, ti Valsalva nìyẹn, ará Ítálì tó kọ ìwé nípa etí lọ́dún 1704. Ọ̀nà Toynbee ni kí a fún imú kí a gbé itọ́ mì. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Frenzel, dókítà ará Jámánì kan tó fi kọ́ àwọn awakọ̀ ológun wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn awakọ̀ yẹn ń fi orí ọkọ̀ sọlẹ̀ láti òkè réré, wọn kò ní àyè láti máa kó atẹ́gùn sí àyà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé: pa imú dé pẹ̀lú rọ́bà náà. Pa ọ̀fun dé bí ẹni tó fẹ́ gbé ohun wúwo nílẹ̀, kí atẹ́gùn àyà má lè jáde. Wàá wá ti ẹ̀yìn ahọ́n sókè bí ẹni tó fẹ́ pe "ká" ṣùgbọ́n tí ohùn kò jáde. Gògóńgò rẹ á gbéra sókè. Atẹ́gùn díẹ̀ tó wà lẹ́nu àti nímú nìkan ni ahọ́n ń tì, ìdí nìyẹn tí kò fi léwu bíi ti àyà. O lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní rẹ̀ ọ́. Dúró níwájú dígí láìwọ ìbòjú, fi ìka fún imú, kí o máa wo gògóńgò. Bí ihò imú bá wú díẹ̀ tí àyà kò sì mì, o ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wọ ìbòjú.

Kí n sọ èyí pẹ̀lú, kò rọrùn fún mi láti sọ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀fìnkìn mú mi, mo sì fò bẹ́ẹ̀ torí ojú ń tì mí láti sọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tí a ń sọ̀, etí òsì ṣí, ọ̀tún kò ṣí. Lójijì ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi po. Mi ò mọ òkè mọ ilẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó dà bí wákàtí kan. Ẹnì kejì mi ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí imú mi bá ti dí, mi ò fò.

Dókítà Etí òun Imú

Ẹ̀yin èwe, ẹ ka ìpínrọ̀ ìkẹyìn Àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Òòyì yẹn máa ń dé nígbà tí ìfúnpá etí méjèèjì kò bá dọ́gba, kò sì ní ìkìlọ̀.

Nígbà ọ̀fìnkìn, ara ọ̀nà tóóró yẹn máa ń wú. Kò sí ìbòjú tó lè ṣí ohun tó ti wú pa, bó ti wù kí rọ́bà rẹ̀ dára tó, fífẹ́ ẹ sì tún lè ti ikun tó ní kòkòrò wọnú etí. Àwọn kan ń gbé oògùn tí a ń fín sí imú dání, irú èyí tó ní oxymetazoline. Ẹ rí i bí ohun tí yóò mú yín délẹ̀ láyọ̀ bí ẹ bá ti wà lókè tí nǹkan bá yí padà. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa fín kí ẹ lè gbéra. Bí ẹ bá lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ń múni sùn kò yẹ fún ẹni tó ń fò rárá. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó lo ohunkóhun.

Àjínde Òwúrọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè tèmi. A mí ọ́síjìn nìkan nínú ìbòmú fún wákàtí mẹ́rin. Etí mi ṣí dáadáa nígbà tí a ń sọ̀, mo balẹ̀ láìsí ìrora. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, etí méjèèjì ti dí bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Kí ló fà á?

Dókítà Etí òun Imú

Ọ́síjìn náà ni. Bí o ṣe ń ṣí etí rẹ nígbà tí ẹ ń sọ̀, ọ́síjìn ló ń wọnú yàrá ẹ̀yìn ìlù etí dípò afẹ́fẹ́ lásán. Ara tó bo inú yàrá yẹn máa ń fa ọ́síjìn mu, kò sì ń fa nitrogen tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán mu bẹ́ẹ̀. Lóru tí o sùn, tí o kò fi bẹ́ẹ̀ gbé itọ́ mì, ó fà á mu díẹ̀díẹ̀, ìlù etí sì wọnú. Bí ẹ bá ti bọ́ ìbòmú sílẹ̀, ẹ máa ṣí etí léraléra pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán ní ọ̀sán àti alẹ́ ọjọ́ náà, pàápàá kí ẹ tó lọ sùn. Bí ẹ bá ta jí lóru, ẹ tún un ṣe. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ, tàbí bí ó bá ń ro yín, ẹ lọ rí dókítà.

Àjínde Òwúrọ̀

Ọpẹ́ o. Mo ti ń rò pé etí mi ti bàjẹ́.

Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ẹ̀yin àgbà mi, mo padà dé. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá báyìí. Mo gbé ìbòjú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe fún wa. Bí Atúnbòmúṣe ṣe sọ gan-an ló rí: ìbòjú náà tóbi jù fún mi, okùn òsì sì ti fà. Wọ́n fún mi ní èyí tó kéré sí i, wọ́n sún rọ́bà òsì sínú. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tí mo sì fẹ́ atẹ́gùn, kò sí ohun tó jáde. Inú mi dùn débi pé mo tún un ṣe ní ìgbà mẹ́fà.

Ọ̀nà ti Frenzel yẹn gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àyà mi ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mo wá ṣàkíyèsí pé bí mo bá kọ́kọ́ mí gbogbo atẹ́gùn àyà síta, tí n kò sì tún fa òmíràn, kò sí ohun tí àyà lè tì mọ́, àfi kí ahọ́n ṣiṣẹ́. Bóyá á ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Dókítà wo etí mi lánàá. Ó ní kí n ṣí etí nígbà tí òun ń wò ó, ó sì rí ìlù etí tó mì ní apá méjèèjì. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n á mú mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á gbé mi dé 5,000 ẹsẹ̀ bàtà kí wọ́n sì tún mú mi sọ̀ kí wọ́n tó gbé mi ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ wọ ìbòjú náà wọbẹ̀, wọ́n sì ti gbà fún mi. Bí ó bá tún dí ńkọ́? Kí ni mo máa sọ fún wọn, kí n sì sọ ọ́ nígbà wo?

Àgbà Òfuurufú

Sọ ọ́ nígbà tí etí bá kọ́kọ́ kọ̀ láti ṣí, kó tó di ìrora. Nínú yàrá yẹn, wọn yóò dúró, wọn á sì gbé ọ padà sókè díẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ti 5,000 náà ṣáájú nìyẹn. Nínú ọkọ̀, ẹ fi ẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó gbéra. Àwa ń sọ "etí" lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, a sì ní àmì ọwọ́ tó dúró fún un bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́. Gbogbo awakọ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ ló máa ń dá sísọ̀ dúró tí wọ́n bá gbọ́ ọ, bí kò bá sí ewu mìíràn. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi rí.

Atúnbòmúṣe

Mú ìbọ̀wọ́ rẹ dání lọ síbẹ̀ o, méjèèjì tí o ń wọ̀ léra. Kí o sì jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó yàrá náà rí ibi tí o ń tẹ̀ lára ìbòjú kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.